Tọ́ọ̀ṣì Tí Kì Í Tàn Nílé Alfa

Méjì ni ohun gbogbo nílé wa ní Alabar, ní ìlú Kumasi, àfi ọkọ. Agboòrùn méjì, àdògán méjì, garawa ìpọnmi méjì, ẹní ìkírun méjì tí àwòrán mọ́ṣáláṣí ara wọn kò yàtọ̀ síra, àti ẹ̀rọ ìránṣọ méjì tí ọ̀kan nínú wọn kò rán nǹkan kan rí, nítorí pé ìyá mi kò mọ aṣọ rán. Àǹtí Sálámátù, ìyàwó kejì, ló mọ̀ ọ́n rán. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí bàbá mi ti ra ẹ̀rọ fún Àǹtí, ara wọn kò balẹ̀ títí wọ́n fi ra irú rẹ̀ fún ìyá mi, tí ìyá mi sì sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń to àwo sí. Alfa ni bàbá mi. Ọmọ Ìlọrin ni wọ́n, Kumasi ni wọ́n dàgbà sí. Lọ́sàn-án, wọ́n ń ta tọ́ọ̀ṣì, bátìrì àti àgádágodo ní ọjà Adum. Bí wọ́n bá ti Adum dé, wọ́n ń kọ́ ọmọ aráyé ní kéwú nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wáàsí wọn, ìyẹn ni ìdọ́gba. Wọn ì báà bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀ Ànábì Nuhu, ọ̀rọ̀ náà á yí, á yí, á sì gúnlẹ̀ sórí ọkùnrin tó ní aya méjì tí kò ṣe ìdọ́gba láàárín wọn, tí ìhà kan ara rẹ̀ yóò wọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéǹde. Èmi ọmọdé a máa yọjú wo ìhà bàbá mi bí wọ́n bá ń rìn lọ, bóyá mo lè tètè mọ èyí tó ń wọ́.

Bí mo bá dijú báyìí, ohùn ilé náà ṣì ń dún létí mi. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí tó máa ń hó yaya kí ládánì tó lanu. Garawa tó ń kọ lu garawa níbi ẹ̀rọ omi, tí àwọn tó ni garawa náà á sì kọ lu ara wọn lẹ́yìn rẹ̀. Epo gbígbóná tó ń pariwo bí oníkóṣé, ìyẹn alákàrà ẹ̀yìnkùlé wa, ṣe ń da ẹ̀wà lílọ̀ sí i. Àti tẹ̀sùbáà Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tó ń ta kọ́, kọ́, kọ́ lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, bí ẹni ń ka àwọn ọmọ-ọmọ tí a kò tíì bí. Ọjọ́ méjì méjì ni ìyá mi àti Àǹtí Sálámátù fi ń pín ìdáná. Ẹni tó bá ni ọjọ́ ló ni ààrò, ẹni tó bá sì ni ààrò ló ni Alfa. Bí ọjọ́ bá fẹ́ yí, lẹ́yìn ìrun alásárì, ẹni tó ń kúrò lórí ààrò á gbé ọmọrogùn àti kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ fún ẹni tó ń bọ̀ níbẹ̀. "Ẹ gba ọjọ́ yín o," ni Àǹtí máa ń wí. Ìyá mi á ní, "Mo gbà á, o ṣeun." Mo ti rí ibi tí àwọn olóṣèlú ti ń gbé ìjọba fún ara wọn láti ìgbà náà. Kò sí èyí tó ní ọ̀wọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún tí mo ń sọ yìí, ebi ńlá tó mú gbogbo ìlú ti kásẹ̀ nílẹ̀, ìrẹsì ti padà sọ́jà, àbúrò mi Látífù sì ti ń rákò. Látífù yìí ni ọmọ karùn-ún tí ìyá mi bí, òun ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn lọ. Nígbà tí wọ́n bí i tán, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ohun tí mo rántí níbẹ̀ kò ju bàbá mi lọ, bí wọ́n ṣe jókòó sórí òkúta níwájú ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń yí fìlà wọn po lọ́wọ́, tí wọn kò sì wáàsí fún ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ìyá mi dìde. Ṣùgbọ́n dókítà ti tẹ̀ sí wọn létí lórí ibùsùn pé bí wọ́n bá tún lóyún láìpẹ́, òun kò lè ṣèlérí pé wọn yóò rí ojú ọmọ náà. Ìyá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí délé, wọ́n sì gbé e mì. Ta ni wọn ì bá sọ ọ́ fún? Bí Ìyá Àgbà bá gbọ́ pé ìyáàlé ilé ní òun kò bímọ mọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú wọn á ti ránṣẹ́ sí Ìlọrin pé kí wọ́n wá ìyàwó kẹta fún Alfa. Ìyàwó kẹta á sì dé pẹ̀lú ìṣòro tirẹ̀, nítorí pé a ó ní láti ra agboòrùn kẹta.

Ìyá Àgbà kò fi ìgbà kan dákẹ́ lórí ọmọ. "Ẹni tó bá ní ó tó, Ọlọ́run á fi hàn án pé ó kù," ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì na àtẹ́lẹwọ́ síta bí ẹni ń gba òjò. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi wọ́n bí àwọn fúnra wọn ṣe bí ọmọ wọn ní ìjìnnà síra tó bẹ́ẹ̀, ìdáhùn wọn kò ṣòro. "Obì ni bàbá Alfa ń tà," ni wọ́n wí lọ́jọ́ kan tí a ń ṣa ẹ̀wà. "Ó ń gbé e ti Kumasi lọ sókè ọya, ó ń gba ibẹ̀ lọ sílé. Tó bá fi máa dé, ọmọ tó fi sẹ́yìn mi á ti máa da ewúrẹ́. Ọ̀nà jíjìn ni òògùn tiwa." Ìyá mi kò gbójú sókè kúrò lórí ẹ̀wà. "Adum ò jìnnà tó, Ìyá," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. Àǹtí Sálámátù fi ìborùn bo ẹnu, ẹ̀wà ọwọ́ rẹ̀ dà nù.

Báyìí ni ìyá mi ṣe gba ilé ìwòsàn kékeré kan lọ lẹ́yìn ọjà, èmi gbé Látífù tẹ̀lé wọn. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, Sístà Akúa, Àṣáńtì ni, ṣùgbọ́n àárín wa ní sóńgò, àdúgbò àwọn àlejò Mùsùlùmí, ló dàgbà sí, Hausa rẹ̀ sì dùn ju ti Hausa míì lọ. Ó fún ìyá mi ní káàdì òògùn oníhóró tí kì í jẹ́ kí obìnrin lóyún, ó fi ìka tọ́ wọn láti orí ìlà dé ìparí ìlà. "Ọ̀kan lójoojúmọ́," ni ó wí. "Bí ara ń yá, bí ara ò yá. Bí bàbá wà nílé, bí bàbá lọ sájò. Ẹ wí i kí n gbọ́." Ìyá mi ní, "Ọ̀kan lójoojúmọ́." Mo ń sọ èyí yékéyéké nítorí àwọn tó máa ń di gbogbo ẹ̀bi ru nọ́ọ̀sì. Obìnrin náà sọ tirẹ̀, ìyá mi sì gbọ́ ọ. Ohun tó kù, ilé wa ló ṣe é.

Nígbà tí a délé, ìṣòro ibi tí a ó fi káàdì náà pamọ́ sí dìde. Nínú ilé tí Ìyá Àgbà ti ń yẹ abẹ́ ẹní wò lójoojúmọ́ láti wá abẹ́rẹ́ tó sọnù, ibi ìkọ̀kọ̀ kò pọ̀. Ìyá mi wá rántí tọ́ọ̀ṣì gígùn kan, oníbátìrì mẹ́ta, tí bàbá mi ti fún wọn tipẹ́, tí gílóòbù rẹ̀ ti jó. Wọ́n ká káàdì náà róbótó, wọ́n tì í sínú ikùn rẹ̀, wọ́n fi ìdérí ìdí rẹ̀ dé e, wọ́n sì gbé tọ́ọ̀ṣì kọ́ sára ògiri yàrá oúnjẹ ní gbangba. Nílé ẹni tó ń ta tọ́ọ̀ṣì, ta ni yóò wo tọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì?

Àǹtí Sálámátù ni. Kumasi ni wọ́n bí Àǹtí sí, ojú rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì ń bọ́ sí Twi bí ọ̀rọ̀ bá ti dùn. Ọjọ́ tí ọjọ́ yí sí i lọ́wọ́, ó mú ọmọrogùn, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó wá dúró ti ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

"Ìyáàlé mi, ẹ jọ̀ọ́, tọ́ọ̀ṣì ara ògiri yẹn, ṣé òògùn ló ń jẹ dípò bátìrì?"

Ìyá mi mú àkísà. Wọ́n kàn ń nu ọwọ́ tó ti gbẹ.

"Mi ò bá yín jà o," ni Àǹtí wí. "Mo kàn ń bèèrè ni. Ẹ̀yin nìkan?"

Ni ìyá mi bá sọ ọ̀rọ̀ dókítà fún un, gbogbo rẹ̀, ohun tí wọn kò sọ fún ọkọ wọn. Àǹtí gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ sì rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń wo oṣù bí ẹni ń wo olè." Ó gbé ọmọrogùn lélẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Ọmọ rẹ̀ méjì tẹ̀lé ara wọn bí igbá àti àwo. Ọ̀kan wà lẹ́yìn, ọ̀kan wà lọ́yàn, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì ti di ilé aláǹtakùn. "Ó rẹ̀ mí paa, ìyáàlé mi. Bí ẹ bá rí iṣan ẹsẹ̀ mi. Ohun tó bá sì wọ ilé yìí, ẹni méjì ló ni ín. Alfa ló sọ bẹ́ẹ̀. Àbí ká lọ bi wọ́n?"

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín nígbà náà. Wọ́n ní, "Sálámátù, o burú." Ṣùgbọ́n bí obìnrin méjì bá ń lọ sí ilé ìwòsàn kan náà láti ilé kan náà, Ìyá Àgbà á ti gbọ́ kí wọ́n tó padà. Ẹnì kan ló lè máa lọ. Káàdì kan ló sì lè máa wọlé. Ibí yìí ni làákàyè ilé Alfa ti wá ṣiṣẹ́ rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mò ń fẹ́ná, mo sì gbọ́ bí ìyá mi ṣe là á sílẹ̀ bí adájọ́.

"Gbọ́. Ẹni tí kò jáde sínú òjò, kí ló fẹ́ fi agboòrùn ṣe?"

"Kò sí," ni Àǹtí wí.

"Ọjọ́ tó bá jẹ́ tèmi, èmi ni mo wà nínú òjò. Ọjọ́ tó bá jẹ́ tìrẹ, ìwọ ni. Ẹni tó bá gba ọmọrogùn, kó gba tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn."

"Nọ́ọ̀sì ò sì ní bínú? Ẹ ní ó ní ọ̀kan lójoojúmọ́."

"Ọ̀kan lójoojúmọ́ náà kọ́ nìyẹn? Ọjọ́ wo ni a ò ní lo ọ̀kan?"

Ẹ bá mi wá ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́. Mo ti lọ sílé ìwé gíga, mo ti jókòó níwájú àwọn tó ń fi ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ jẹun, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì lè gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ kó dán tó báyìí. Ohun tó jẹ́ àléébù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kò rí bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ìlò òògùn dára nílé wa ju bí ó ti ń ṣe níbikíbi lọ. Ẹ jẹ́ kí n yin àwọn ìyá mi méjèèjì. Mo mọ obìnrin kan lágbàlá wa tó ń lo tirẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ nìkan, pé ọjọ́ náà ní ìbùkún. Òmíràn fi tirẹ̀ pamọ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé oyún oṣù mẹ́fà ló fi ń wá a kiri. Oníkóṣé ẹ̀yìnkùlé ní tòun, ọkọ òun ni òun ń lọ̀ ọ́ sínú ẹ̀kọ kòkó fún, torí pé òun kọ́ ló máa ń dá a sílẹ̀. Àwọn ìyá mi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ tó bá jẹ́ ti ìyá mi, wọ́n á kírun tán, wọ́n á yọ hóró kan nínú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á wá kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà á bẹ̀rẹ̀ àdúà, ọwọ́ méjèèjì lókè: "Ọlọ́run á fi ìbejì kún un fún ọ." Ìyá mi, pẹ̀lú òògùn lábẹ́ ahọ́n, á ní, "Àmín." "Á fi ìdòwú tì í." "Àmín, Ìyá." Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi kòkó gbígbóná tì í lọ. Bí ó bá di àárọ̀ tó kan Àǹtí, bákan náà ni àdúà, bákan náà ni àmín, bákan náà ni kòkó. Hóró kan kò ṣẹ́kù sórí káàdì rí. Bí ẹ bá wo káàdì náà, ẹ ó ní aláṣepé ló ni ín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá mi wọlé bá wọn níbi tí wọ́n ti ń gbé ọjọ́ fún ara wọn. Wọ́n dúró, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ wo obìnrin méjì tó ń pín ìmọ́lẹ̀," ni wọ́n wí, mo sì mọ̀ pé gbólóhùn yẹn á dé orí wáàsí. Ṣùgbọ́n ojú wọn bọ́ sórí tọ́ọ̀ṣì. "Mo rò pé èyí kì í tàn. Gbé e wá, Sálámátù." Àǹtí wo ìyá mi. Ìyá mi wo ilẹ̀. Bàbá mi gba tọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé e sókè sódò lọ́wọ́ bí ẹni ń wọn góòlù, wọ́n mì ín díẹ̀ létí.

"Ó fúyẹ́," ni wọ́n wí.

"Bátìrì rẹ̀ ti kú, Alfa," ni ìyá mi wí.

"Bátìrì tó kú kì í fúyẹ́ ju èyí tó wà láàyè lọ. Kí n fi tuntun sí i?"

"Ẹ má ṣèyọnu. Ó wúlò fún wa bẹ́ẹ̀ náà."

Bàbá mi wo ìyá mi díẹ̀, wọ́n dá tọ́ọ̀ṣì padà, wọ́n sì lọ sí mọ́ṣáláṣí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé tọ́ọ̀ṣì tuntun méjì wálé láti Adum, ó ń tàn yànràn, ọ̀kan fún ìyá mi, ọ̀kan fún Àǹtí.

Bí oṣù mélòó kan ti kọjá, Àǹtí ń se ọbẹ̀ mòmóní, ẹja olóòórùn tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn ju ọmọ lọ, ló bá ju ọmọrogùn sílẹ̀, ó sáré lọ sẹ́yìn balùwẹ̀. A gbọ́ bó ṣe ń bì. Ìyá Àgbà ti gbọ́ ṣáájú wa. Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ wọn. "Alhamdulillahi," ni wọ́n wí, ní ohùn ẹni tí wọ́n san gbèsè rẹ̀ padà. "Ó ku ìkejì rẹ̀." Wọ́n sì yí ojú sí ìyá mi. Ìyá mi kúnlẹ̀, wọ́n sì mú ọmọrogùn nílẹ̀. Ohun tí èmi kò mọ̀ nígbà náà ni pé oṣù tiwọn náà ti kọjá àsìkò rẹ̀. Bí agboòrùn bá ti jò sórí ẹnì kan, kí ni yóò bo ẹnì kejì? Lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń po oúnjẹ Látífù, bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ẹ́, ibi tí wọ́n ń kó aṣọ òtútù rẹ̀ sí. Mo rò pé wọ́n kàn ń fi iṣẹ́ dá mi lágara ni.

Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà lọ síbi ìsọmọlórúkọ ládùúgbò kejì, àwọn méjèèjì gba ọ̀dọ̀ Sístà Akúa lọ, èmi àti Látífù tẹ̀lé wọn. Ìyá mi kó gbogbo káàdì tó ti tán kalẹ̀ lórí tábìlì. Sístà Akúa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ kò fo ọjọ́ kankan?"

"Wàláhì, a kò fo ọ̀kan."

"Ó dára. Mi ò tíì rí irú rẹ̀ ní gbogbo Alabar." Ó yíjú sí Àǹtí tó di imú mú. "Ìwọ ńkọ́, àbúrò? Kí ni ìwọ ń lò?"

"Èyí náà ni, Sístà."

"Irú èyí?"

"Rárá, èyí gan-an. Ọjọ́ méjì tèmi, ọjọ́ méjì tiwọn. Mepa wo kyɛw, ẹ má bínú sí wa."

Sístà Akúa bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá àga, ó jókòó. Ìyá mi rò pé kò yé e ni, wọ́n wá ṣe àlàyé agboòrùn fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ní Hausa tó dán. Obìnrin náà gbọ́ ọ parí, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Hajia, kì í ṣe agboòrùn. Òrùlé ni. Ẹ ò lè máa ká òrùlé kúrò lórí yàrá kan lọ bo èkejì, kí ẹ tún ká a padà lọ́túnla. Yàrá méjèèjì ni òjò á pa." Ó fa káàdì kan sún mọ́ wọn. "Hóró àná ló ń ran tòní lọ́wọ́. Inú ara ẹnì kan ni wọ́n ti ń bá ara wọn ṣiṣẹ́. Ara yín kì í ṣe ọ̀kan, bó ti wù kí ẹ fẹ́ràn ara yín tó."

Ó gba ìtọ̀ ìyá mi lọ sẹ́yìn aṣọ títa. Àga pákó tí a jókòó lé gùn, ó sì tutù. Lára ògiri tó kọjú sí wa ni wọ́n lẹ àwòrán ńlá kan mọ́: ọkùnrin kan, aya kan, ọmọ méjì, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò mọ Ìyá Àgbà. Ìyá mi kò wò ó. Wọ́n fi ẹnu sún mọ́ etí Àǹtí. "Sálámátù, bí oyún bá ti wọlé, tí mi ò bá sì dìde níbẹ̀, ọyàn rẹ ni kí Látífù máa mu." Àǹtí ní, "Ẹ má sọ ọ́." Ìyá mi ní, "Mo ti sọ ọ́." Àǹtí mú ọwọ́ wọn, ó fi sábẹ́ ìborùn tirẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́ títí nọ́ọ̀sì fi jáde.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ni Sístà Akúa wí. "Òògùn tí ẹ ń dá dúró tí ẹ tún ń bẹ̀rẹ̀ ló da oṣù yín rú."

Ìyá mi tọrọ omi. Wọ́n gbé ife náà mu dé àárín, wọ́n sì gbé ìdajì tó kù fún Àǹtí. Bí ìdọ́gba bá ti wọ eegun, kò ṣeé yọ.

Abẹ́rẹ́ ni ìyá mi gbà lọ́jọ́ náà, irú èyí tó ń ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Sístà Akúa ní òun fẹ́ rí ilé tí wọ́n ti lè pín ìyẹn. Lálẹ́, bàbá mi rí bí ìyá mi ṣe ń pa apá mọ́ra.

"Kí ló ṣe ọ́ lápá, Ìyá Kúbúrà?" Èmi ni Kúbúrà.

"Abẹ́rẹ́ ni. Nọ́ọ̀sì ní kí ara mi lè balẹ̀."

"Ṣé wọ́n fún Sálámátù náà?"

"Wọ́n ní ó di ìgbà tó bá bímọ."

"Ó dáa," ni bàbá mi wí. "A ó rántí."

Wọ́n sì rántí. Àǹtí bí ọkùnrin, a sọ ọ́ ní Mùṣtàfá, ṣùgbọ́n Ọmọ Ìdọ́gba ni ìyá mi ń pè é ní kọ̀rọ̀. Ó ń kan àga ní Anloga Junction títí di òní, kì í sì í ta ẹyọ kan fún ẹnikẹ́ni, àfi méjì. Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, bàbá mi dé fìlà, wọ́n háyà takisí, wọ́n sì gbé Àǹtí lọ sílé ìwòsàn fúnra wọn. Àǹtí ló sọ ọ́ fún wa. Ó ní Alfa dúró níwájú Sístà Akúa bí ẹni fẹ́ ra bátìrì ní páálí. "Irú ti ìyáàlé rẹ̀ gan-an ni kí ẹ fún un. Kó má dín, kó má lé. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí lọ́run." Sístà Akúa wo Àǹtí. Àǹtí ní bẹ́ẹ̀ ni, òun náà fẹ́ ẹ. Bàbá mi sì jáde lọ jókòó sórí àga pákó láàárín àwọn obìnrin.

Láti ìgbà náà, kò sí obìnrin kankan ní Alabar tó ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ déédéé bí àwọn ìyá mi. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni ọjà tuntun ń dé fún bàbá mi láti Accra; bí wọ́n bá ti ń já páálí, wọ́n á kígbe wọlé: "Bátìrì ti dé o. Ẹ̀yin obìnrin, àsìkò abẹ́rẹ́ yín." Ìyá Àgbà pàápàá, tí wọ́n gbà pé abẹ́rẹ́ ara líle ni, a máa bá wa lé wọn jáde pé kí wọ́n má pẹ́. Bàbá mi á tẹ̀lé wọn, wọ́n á jókòó sórí àga pákó náà, wọ́n á máa ka tẹ̀sùbáà, ojú wọn á sì wà lára ògiri. Nígbà tí Látífù fi wọ ilé ìwé, ilé wa kò bímọ mọ́, Ìyá Àgbà sì ti yí àdúà wọn sórí ọmọ-ọmọ-ọmọ. Kò sí ẹni tó mẹ́nu kan ìyàwó kẹta. Bàbá mi ń wáàsí ìdọ́gba lọ ràì, wọ́n sì ń fi ara wọn ṣe àpẹẹrẹ, pé bó ṣe abẹ́rẹ́, àwọn kì í fún ẹnì kan kí àwọn fo ẹnì kejì. Àwọn ọkùnrin á mi orí. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn aṣọ títa á máa wúkọ́.

Mo ti ń fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tí mo ti dàgbà tó láti lóye rẹ̀. Ní ọdún tó kọjá, mo ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ níwájú ìyá mi, ẹni tó ti di arúgbó tó ń yan eyín tó fi ń jẹun, mo ní ọkùnrin wo ló ń fi takisí gbé aya rẹ̀ lọ gba ohun tí kò mọ̀ nílé ìwòsàn. Ìyá mi jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín tán.

"Mo bi wọ́n léèrè," ni wọ́n wí, "nígbà àìsàn tó gbé wọn lọ. Mo ní, 'Alfa, ẹ mọ ohun tí abẹ́rẹ́ yẹn wà fún?' Wọ́n ní, 'Ẹni tó ń ta tọ́ọ̀ṣì láti kékeré, tí kò lè mọ̀ pé káàdì ló wà níbi tó yẹ kí bátìrì wà, kí ló ń tà?' Wọ́n ní ọjọ́ tí mo lọ pọn omi ni àwọn ṣí i. Wọ́n ní dókítà tó bá mi sọ̀rọ̀ lórí ibùsùn, níta ló ti kọ́kọ́ bá àwọn sọ ọ́, lórí òkúta."

Mo ní, "Kí ló dé tí wọn ò sọ fún yín?"

"Ohun tí mo bi wọ́n náà nìyẹn. Wọ́n ní bí àwọn bá sọ ọ́ jáde, àwọn á ní láti bá ìyá àwọn jà. Wọ́n wá ní, 'Ìyá Kúbúrà, bí ọ̀kan nínú yín bá kú, báwo lo ṣe fẹ́ kí n ṣe ìdọ́gba?'"

Ìyá mi ní àwọn dìde níbẹ̀. Wọ́n lọ sídìí ààrò, wọ́n sì gbé kòkó kaná fún Alfa. Ọjọ́ Sálámátù ni.